Aago Tó Ń Gbọ̀n ní Ẹ̀gùá

Ọjọ́bọ̀, Ayétòrò.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ti rí ohun tó ń pa bátìrì aago ọwọ́ Bàbá tó so mọ́ fóònù wọn. Tí wọ́n bá ti dé oko Ẹ̀gùá, fóònù wọn á bọ́ sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Benin, ìyẹn á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí wọn káàbọ̀ ní Faransé léraléra, aago á sì máa gbọ̀n. Mo tún ètò inú aago ṣe kó má dá a lóhùn mọ́.

Bàbá ní, "Ìwọ lo kọ gbogbo ètò ẹ̀?"

Mo ní àjèjì kan ló kọ ọ́, tó fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"O ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Orúkọ tèmi nìkan ló ń yọ bí aago bá tàn. Bàbá bọ́ ọ, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Mo ti fi orúkọ àjèjì náà ṣáájú tèmi. Ìdúpẹ́ ló kù. Mo kọ "Ẹ ṣeun", mo pa á rẹ́. Báwo lèèyàn ṣe ń kúnlẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?