Gbogbo Máàkì Tí Mo Gbà Nínú Ìdánwò Etí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn eku tí ò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ náà jí dáadáa? Ọlọ́run tó fún ọ ní etí méjì kò ní jẹ́ kí o fi ọ̀kankan gbọ́ ìròyìn burúkú. Àwa náà wà láyé, a ń jẹ, a ń sùn, ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ àgbàdo fún aráyé ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù tí o rà fún mi ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ìgbà díẹ̀, mo rò pé ó ń ṣọ́ owó ná ni. Tí o bá máa ra òmíràn, jọ̀wọ́, ra èyí tí kò ní tijú.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ìwọ lo dá a sílẹ̀, má wulẹ̀ díbọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìyá rẹ ò ti bá mi sọ̀rọ̀. Ṣebí ìwọ lo ní kí n lọ yẹ etí mi wò, nítorí ìyá rẹ ní òun á pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dáhùn ẹ̀ẹ̀kan. Mo lọ. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù ní ọsibítù ìgboro, wọ́n ní kí n kọ ohun tó ń dà mí láàmú sí i, mo kọ orúkọ ìyá rẹ. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Wọ́n mú mi wọ yàrá kótópó kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ yíká, wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n fún mi ní bọ́tìnì lọ́wọ́, wọ́n ní bí mo bá ti gbọ́ tó dún pín-ín kí n tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ketekete. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lọ gbáà. Ṣùgbọ́n ṣé èmi tí mo ti dúró ti ẹ̀rọ fún ogójì ọdún ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn mú? Ohun tí ẹ̀rọ bá ń dún, ó ní ìwọ̀n tó fi ń dún. Mo ti ka àlàfo tó wà láàárín mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, mo bá ń tẹ bọ́tìnì mi lọ lásìkò lásìkò, ó dún o, kò dún o. Nígbà tí wọ́n parí, nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní etí mi dà bíi ti ọmọ ogún ọdún. Mo gba gbogbo máàkì! Mo lẹ ìwé náà mọ́ ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọjọ́ tí o gboyè.

Ìgbà yẹn gan-an lo wá rí àyè tẹ ìyá rẹ láago tí ò ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún un. O ní ohùn kàn ń gba etí wọlé ni, pé ọpọlọ ló ń yan èyí tó máa fetí sí. O ní oje kan wà nínú ọpọlọ tí ń jẹ́ asẹtaikolíìnì, orúkọ tó gùn ju okùn kànga lọ, tíṣà ìtòsí wa ló bá mi kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. O ní bí ohùn tó jẹ ọpọlọ lógún bá wọlé, oje yìí á tú jáde, ohùn yẹn á yọ gedegbe, ariwo tó kù á rọlẹ̀. O ní ẹ dán an wò lára eku, ẹ fun fèrè kan fún un, ẹ fún un ní omi dídùn, nígbà tó yá, bí ariwo tiẹ̀ ń pa ilé, eku náà á ṣì gbọ́ fèrè tirẹ̀. Ó yé mi. Bí èmi náà ṣe ń ṣe lẹ́nu ẹ̀rọ nìyẹn, gbogbo oníbàárà á gbé abọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ni màá na ọwọ́ sí ẹni tó kàn. Ṣùgbọ́n kí ló gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé etí ìyá rẹ? Ẹyin lọ̀rọ̀ o, ọmọ yìí, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìyá rẹ dìde, ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun wàyí. Ó ní etí mi pé, ìwé rẹ̀ ń bẹ lára ògiri. Ó ní bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ bá yọ̀ díẹ̀ báyìí, kódà kí n wà lẹ́yìnkùlé, mo ti mọ̀, oje ti tú nìyẹn. Kí òun wá máa pè mí láti àárọ̀, oje ò ní tú. Ó ní kí n kúkú lọ fẹ́ ẹ̀rọ níyàwó. Mo ní ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé bẹ́líìtì yọ̀, pé ilẹ̀ ló máa ń gbọ̀n, ó ní irọ́ ni mò ń pa. Láti ọjọ́ náà, àkísà ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Á so ó mọ́ ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ: pupa, oúnjẹ ti délẹ̀, funfun, ẹnìkan ń bèèrè mi, méjèèjì pọ̀, òun ti jáde. Èèyàn kan tó wá lọ àgbàdo bi mí bóyá mo ti ń ta aṣọ. Ṣé bó ṣe yẹ kí n máa bá ẹni tó bí ọmọ márùn-ún fún mi gbé nìyí?

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, bí etí bá jàre, oje ló jẹ̀bi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń bọ́ ọpọlọ yìí, kí oje rẹ̀ kàn tú nígbà tí ìyàwó bá pè, kò lè ṣe é! Mo fẹ́ sọ pé kí o bu díẹ̀ nínú ti àwọn eku yẹn sínú ìgò fún mi, kí o kọ ọ́ sára rẹ̀ bóyá mímu ni tàbí kíkán sétí. Eku lò ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, tí ò ń fun fèrè fún, kí ìgò kan péré wá wọ́n bàbá rẹ!

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti àná fún ọ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń pa ẹ̀rọ lọ́sàn-án, abọ́ oníbàárà wà nílẹ̀, wọ́n ń kùn, èmi á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bóyá ìyá rẹ á pè mí nígbà tí ariwo ò sí. Lánàá, mo rí i lágbàlá, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ mi, ẹnu rẹ̀ ń lọ. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, ọmọdé ò ké, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bá sáré dáhùn, mo ní mò ń bọ̀ o, mò ń bọ̀. Adìyẹ ló ń pè. Ìyá rẹ wò mí títí, ó wọlé lọ. Etí ló jẹ̀bi, kì í ṣe oje, ọmọ mi.

Nítorí náà, fi ọ̀rọ̀ ìgò yẹn sílẹ̀. Owó ọkọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́, ti èèyàn méjì, ìyá rẹ ò tíì gbà láti bá mi lọ, ṣùgbọ́n fi ti méjì ránṣẹ́. Kó jókòó tì mí nínú yàrá ìdánwò etí yẹn kó máa wo ọwọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí mo bá gbọ́ nìkan ni màá tẹ̀. Kí wọ́n gba gbogbo máàkì wọn, kí wọ́n fún mi ní òdo, n kò ní bínú. Bí o bá ti ka ìwé yìí tán, pe ìyá rẹ, fóònù tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sókè, kí o sọ ohun tí mo fi bọ́tìnì ṣe fún un. Bí èmi bá sọ ọ́, á ní àwáwí ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwọ àti eku rẹ ló ń gbà gbọ́. Sọ fún un pé mo ti já ìwé yẹn kúrò lára ògiri. Sọ fún un pé n kò gbọ́ ọ ni, kì í ṣe pé kò jẹ mí lógún.

Iṣẹ́ rẹ á yọrí sí rere. Ọlọ́run á fún ọ ní ẹni tí á máa fi ìfẹ́ pè ọ́, ohùn rẹ̀ ò sì ní wọ́n létí rẹ títí ọjọ́ alẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹlẹ́rọ.