Màrìwò Lẹ́nu Ọ̀nà Omi

Ìyá mi àtàtà,

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ má bínú pé àròyé ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú ìsinmi o. Èmi ni n kò sinmi, omi tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ náà kò sì sinmi.

Ṣé ẹ rántí ìsun abẹ́ àpáta, lẹ́yìn oko kòkó wa lọ́nà Ajue? Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń jí ní ọrọọrún, tí ẹ ó gé màrìwò, tí ẹ ó ta á dábùú ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó gbé garawa jáde? Ọjọ́ ìsinmi omi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹrẹ̀ lè rọlẹ̀. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹ ó ta á tán kí ẹ tó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń bi yín bóyá ó ń rẹ omi. Ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ìyá, ó ń rẹ̀ ẹ́ o.

Owó epo rọ̀bì ti dé ìlú lẹ́yìn tí ẹ papòdà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ra mọ́tò tuntun, wọ́n wá ń wá ibi tí wọn yóò gbé e lọ. Ẹnìkan láti Àkúrẹ́ rí ìsun wa, ó ní ibi ìgbafẹ́ gidi ni. Kí á tó ṣẹ́jú, wọ́n ti la ọ̀nà dé ìdí àpáta, wọ́n sì ri pátákó ńlá mọ́lẹ̀ ní Ore. Gbogbo Sátidé ni àlejò ń ya wá láti Èkó àti Benin, pẹ̀lú kúlà ọtí àti rédíò tó ń ké tantan. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n tún ń fọ mọ́tò.

Inú wa dùn níbẹ̀rẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ń se ìrẹsì tà. Akin, àbíkẹ́yìn yín, pa àtíbàbà kan, ó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ṣùgbọ́n kòkó ń jẹrà lórí igi, Akin kò já a mọ́. Àwọn ìyàwó àgbẹ̀ tó ti òkèèrè wá dáko nínú igbó ni ìyà wá ń jẹ jù, torí wọn kò ní omi mìíràn. Wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń sè é, òórùn bẹntiróòlù kò kúrò níbẹ̀. Inú ń run àwọn ọmọ wọn.

Mo lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n ní kí n gbé ìsinmi omi sí ọjọ́ tí àlejò kì í wá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ gbà mí! Bí ẹni ń sún ọjọ́ ìpàdé. Wọ́n ní ìlú ń gòkè. Mọ́tò ni wọ́n ń kà, kò sẹ́ni tó ń wo omi. Ṣé ẹ̀yin kò gba àlejò rí ni? Ẹni tó bá yà sílé wa, ẹ ó bi í níbi tó ti ń bọ̀, ẹ ó fún un ní ọsàn, ẹ ó sì mú un débi ìsun fúnra yín. N kò kọ àlejò. Mo ní kí wọ́n wá níwọ̀nba, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọlé, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ ìsinmi, kí omi lè kù fún ọmọ ẹni. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn le ni?

Sátidé tó kọjá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi. Mo ta màrìwò. Àwọn tó kọ́kọ́ dé sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró tì í, wọ́n ya fọ́tò. Obìnrin kan já díẹ̀ nínú rẹ̀ fi ṣe irun lóge. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá, mo sunkún.

Mo gbé àpótí ìjókòó yín jáde, mo jókòó sí àárín ọ̀nà. Mọ́tò tó tẹ̀ lé e fọn fèrè títí. Akin sáré bọ̀ láti àtíbàbà rẹ̀. Mo rò pé yóò wọ́ mi kúrò ni, torí ọjà rẹ̀ ni mo ń bà jẹ́. Ó wò mí, ó wo màrìwò. Ó lọ gbé kéréètì ìgò kan tó ṣófo, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó tì mí. Mọ́tò náà yí padà, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà yí padà. Nígbà tó ṣe, àwọn tó ti wọlé jáde, wọn kò wo ojú wa.

Ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ pè wá. N kò mọ ohun tí wọn yóò sọ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé ẹ̀rù máa ń ba ẹ̀yin náà?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Sátidé yẹn, ìyàwó ará Ẹ̀bìrà tó ń dáko lọ́dọ̀ wa gbé garawa wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ bu omi náà, kò sẹ́ ẹ, ó mu ún. Ó wá kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní Ìyá Olómi.

Orúkọ yín nìyẹn. N kò tí ì lè jẹ́ ẹ.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
lórí àpótí yín.