Ojú Bàbá Tí Kì Í Là

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Onífọ́tò ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọkàn mi ò sì balẹ̀ mọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ kan ní Ayépé. Ẹ jẹ́ kí n pe ìyá ọmọ náà ní Fatihah. Bàbá Fatihah ò ríran. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n fi ìka kan imú rẹ̀, wọ́n ní, "Imú ìyá mi nìyí." Mo yà á dáadáa.

AI ló ń bá mi ṣa fọ́tò. Èyí tí ẹnikẹ́ni bá ti dijú, á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ojú bàbá kì í là, bó ṣe yọ gbogbo fọ́tò wọn nìyẹn. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo pa wọ́n rẹ́. Mo sì ti fi káàdì kámẹ́rà yẹn ṣiṣẹ́ míì.

Bàbá jáde láyé ní Jímọ̀ tó kọjá. Fatihah pè mí tẹkúntẹkún: "Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò bàbá mi àti ọmọ mi nìkan ni mo fẹ́."

Mo gbé fọ́tò tó wà nínú ìkéde ikú wọn fún AI, mo ní kó gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Ó ṣe é, ṣùgbọ́n ojú bàbá là kedere, wọ́n ń wo ọmọ náà. Mi ò lè fi ránṣẹ́, mi ò sì lè jẹ́wọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀la ni Fatihah ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ wá gba fọ́tò náà. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?