Ẹ̀rọ Ìfún Tí Mo Fi Orúkọ Yín Pè

Ìyá mi, ẹni tó fi ooru iná tọ́ mi dàgbà,

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí. Ẹ mọ̀ pé ìwé kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí n tó wá máa bá yín ru ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ eléyìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ yín bá ti pinnu nǹkan, ẹ mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ròyìn ara mi, torí tí n kò bá yin ara mi létí yín, etí ta ni n ó ti yìn ín? Ilé iṣẹ́ gàrí mi lójú ọ̀nà Odógbolú ti kọjá ohun tí ẹ fojú rí. Àwọn ọmọ yunifásítì ń wá láti Ìjagun wá wo bí mo ṣe ń ṣe é, wọ́n á máa kọ ọ́ sílẹ̀, èmi tí n kò mọ ilẹ̀kùn yunifásítì! Gàrí mi kan, ó kúnná, ó gbẹ. Ẹ bu omi tútù sí i, ẹ jẹ ẹ́, ẹ óò máa gbọ́ ọ lẹ́nu kẹrẹkẹrẹ. Gàrí yín gan-an ni, mo kàn sọ ọ́ di púpọ̀ ni.

Ẹ̀rọ ìfún àkọ́kọ́, tí à ń fi jáàkì fún omi ara ẹ̀gẹ́ dànù, èyí tí ẹ ta aṣọ òkè ìgbéyàwó yín kí n tó lè rà, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: ÌYÁ ALÁJÌ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń pè é.

Mọ́ríàmọ̀, ọmọ mi obìnrin tí ẹ máa ń pọ̀n tí ẹ bá ń yan gàrí, òun ló ń bá mi bójú tó ilé iṣẹ́ báyìí. Àwọn kan fẹ́ máa ra gàrí wa lọ sí òkè òkun, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá à ń yẹ ẹ̀rọ wa wò. Ló bá fi áàpù kan sórí fóònù àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀. Láràárọ̀, ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rí àléébù, á ya fọ́tò rẹ̀, á kọ ohun tó rí, ojú ewé ẹ̀rọ náà á sì pọ́n. Kò ní yé pọ́n títí wọ́n á fi tún un ṣe, tí ẹlòmíràn á sì tún wá wò ó bóyá òótọ́ ló ti dáa.

Bó ṣe ń ṣàlàyé, ẹ̀yin ni mo ń rí. Ṣé ẹ rántí? Kí ẹ tó dáná, ẹ óò fi eegun ìka kan agbada amọ̀ yín, ẹ óò tẹ́tí. Bó bá dún gooro, ẹ óò dáná. Bó bá dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ẹ óò dojú ẹ̀ dé ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣí i, bàbá wa pàápàá. Mo sọ fún Mọ́ríàmọ̀ pé ìyá mi ti ń lo áàpù kí fóònù tó dé. Ó rò pé mò ń ṣeré.

Ó fẹ́ máa fi nọ́ńbà pe àwọn ẹ̀rọ. Mo kọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń fi nọ́ńbà pè. Mo ní bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nílẹ̀ ni kó kọ wọ́n. Bí Ìyá Alájì ṣe wọ inú fóònù nìyẹn.

Ìyá, mo yangàn! Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, gbogbo ẹ̀rọ tó kù ń pọ́n. Bẹ́líìtì èyí já, abẹ èyí kú, jẹnẹrétọ̀ ń jo epo. Ìyá Alájì kò pọ́n rí. "A dúpẹ́" ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ láràárọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo máa ń yọ fóònù han àwọn ẹgbẹ́ mi, kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rọ.

Mọ́ríàmọ̀ ò bá mi yọ̀.

"Bàbá, ẹ̀rọ tó dàgbà jù ni kò ní àléébù rí?"

"Ara ìyá mi le ni."

"Irin ni o, Bàbá. Kì í ṣe Ìyá Àgbà."

Mo bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo lọ dúró sí ẹ̀yìn àwọn àpò ẹ̀gẹ́, mo ń wo àwọn obìnrin tó ń fún un. Sìdíkátù ni olórí wọn, ó ti wà lọ́dọ̀ mi látìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Nídìí àwọn ẹ̀rọ ìfún yòókù, á dúró gbagidi, á máa tàkúrọ̀sọ. Nídìí Ìyá Alájì, á ṣe Bisimilá, á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbé ojú kúrò, kó tó fa ọwọ́ jáàkì. Mo sún mọ́ ọn. Wọ́n fi ògbólógbòó gèlè kan wé ẹsẹ̀ òsì ẹ̀rọ náà bí ìgbà tí wọ́n wé ọgbẹ́. Mo tú u. Irin ti sán. Ìka mi wọ inú ẹ̀.

Ẹ mọ agbára jáàkì. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá yẹ̀ nígbà tó ti le, irin òkè á já wá, orí ẹni tó bá bá pàdé nìyẹn.

"Sìdíkátù! Ẹ rí èyí, ẹ ń kọ 'A dúpẹ́'?"

Ó kúnlẹ̀. "Alájì, ẹ má bínú. Ta ló máa gbé fóònù kó kọ ọ́ pé Ìyá Alájì ti bàjẹ́? Èmi tí wọ́n fún ní gàrí jẹ ní kékeré?"

Obìnrin kan fọhùn lẹ́yìn: "Wọ́n tún ní ká ya fọ́tò ẹsẹ̀ wọn! Ẹsẹ̀ olóògbé! Kò ní tọwọ́ mi wáyé o."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, títí mo fi gbójú sókè wo irin náà. Torí ọ̀wọ̀ yín ni wọ́n ṣe ń gbé orí ara wọn sábẹ́ irin láràárọ̀.

Mọ́ríàmọ̀ nawọ́ kó kọ ọ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ẹnìkan yóò bá wí i lójú ayé pé nǹkan Ìyá Alájì bàjẹ́, ọmọ rẹ̀ ni yóò wí i. Mo ya fọ́tò. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́: Ìyá Alájì. Ẹsẹ̀ òsì ti sán. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Áàpù bi mí pé ta ló rí i, mo fi orúkọ mi sí i. Ó pọ́n. Mo wá gbé agbada kan, mo dojú ẹ̀ dé orí ẹ̀rọ náà, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè mọ̀.

Wẹ́dà wá wò ó, ó mi orí. Irin náà ti gbó dé inú. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi gé e tán. Ṣé ẹ bínú, Ìyá? Ṣé ẹ gbọ́ ariwo ẹ̀ níbi tí ẹ wà?

Ẹ̀rọ ìfún tuntun ti dé, ó sọ gbogbo ẹ̀rọ wa di mẹ́jọ. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi, orúkọ ni wọ́n ń retí.

"Nọ́ńbà kẹjọ," ni mo wí.

Mọ́ríàmọ̀ yíjú wò mí. "Ẹlẹ́wọ̀n ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹlẹ́wọ̀n ni. Ẹ máa ṣọ́ ọ!"

Kò pẹ́ tí Sìdíkátù fi kọ̀wé sí i, tòun ti fọ́tò: Nọ́ńbà kẹjọ. Bóòtù kan ti ń yọ. Mi ò lò ó o. Mo kà á sókè níwájú gbogbo wọn bí ẹni ń ka oríkì. Mo ní ṣé ẹ rí obìnrin!

Orúkọ yín ò sí lára irin kankan mọ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí wọ́n tó dáná, èmi fúnra mi ni mò ń lọ láti ìdí agbada kan dé òmíràn, mò ń fi eegun ìka kàn wọ́n.

Wọ́n ń dún gooro, Ìyá.

Èmi ni ọmọ yín,
tó ṣì ń tẹ́tí.