Mò Ń Kọ́ Bí Màá Ṣe Gun Àtẹ̀gùn Ilé Yín

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé oúnjẹ ti ń dúró nínú rẹ báyìí, ṣé ọkọ rẹ sì ń jẹ́ kí o sinmi? Wẹ́rẹ́ ni wàá bímọ, ẹ̀yin méjèèjì á jáde ní ilé ìwòsàn láìsí ìpalára, ẹkún ayọ̀ nìkan la ó sun lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Bàbá yín ní kí n kí ọ. Wọ́n wà níbi tí wọ́n máa ń wà, lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́ rédíò wọn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu, wọ́n sì ní kí n má kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà yìí, kí ẹlòmíì má baà kà á lọ́nà. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ẹni tó bá ti rí mi rí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo sanra.

O ní ikùn rẹ ti tóbi débi pé o ò rí ẹsẹ̀ ara rẹ mọ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Tìrẹ ní oṣù tí yóò sọ̀ kalẹ̀. Èmi ti ń gbé tèmi kiri láti ìgbà tó o ti parí ilé ìwé, mi ò sì tíì rí agbẹ̀bí tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn oyún rẹ kọ́kọ́ dé, mo ní kí n jó yí máṣíìnì ìránṣọ mi ká, ṣùgbọ́n kí n tó yí i tán lẹ́ẹ̀kan péré mo ti jókòó kí n lè mí. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rántí àtẹ̀gùn ilé yín. O rántí ìgbà tí mo wá kẹ́yìn, mo gùn ún dé ibi tó ti kọ́kọ́ yà, mo sì jókòó síbẹ̀. Bí àwọn ará ilé yín ṣe ń kọjá tí wọ́n ń bi mí pé ṣé kò sí wàhálà, mò ń sọ fún wọn pé ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri ni mò ń wò, pé ó wù mí. Mo wo ọ̀dà yẹn títí oòrùn fi yí. Ìgbà tó yá ni ọkọ rẹ gbé àga oníke sí ìsàlẹ̀ fún mi, ibẹ̀ lẹ gbé oúnjẹ wá bá mi, ibẹ̀ ni mo ti ṣe àlejò yín bí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Láti ìgbà náà, bó o bá ti ní kí n wá, màá ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní báyìí ọmọ á wà lókè, ìyá àgbà á wà nísàlẹ̀ lórí àga oníke. Ṣé okùn lẹ ó máa fi sọ ọmọ kalẹ̀ sí mi bíi korobá inú kànga, kí n wẹ̀ ẹ́ tán, kí n wá fa okùn pé kí ẹ gbé e sókè? Mo rò ó títí, kò dára.

Mo bá mú téèpù tí mo fi ń wọn àwọn oníbàárà, mo fi wọn ara mi. Orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ kò pàdé. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé téèpù náà ti gbó, ó sì ti kúrú, nítorí mo máa ń gbàgbé rẹ̀ sínú oòrùn. Mo lọ ra tuntun. Tuntun náà kúrú. Mo gbé e padà lọ bá ọkùnrin tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú, mo ní ayédèrú ló tà fún mi. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi wọn tábìlì, ó fi wọn ilẹ̀kùn, ó fi wọn ara rẹ̀, ó wá wò mí. Ọmọlúàbí ni. Ó kàn ní òun ní èyí tó gùn jù ú lọ, irú èyí tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ máa ń rà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ kò dàgbà jù ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le bíi ti ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní kí n gun ìwọ̀n. Mo bọ́ bàtà, mo tú gèlè, mo yọ yẹtí, mo kó àlùmọ́gàjí àti òwú jáde lápò, mo ti fẹ́ yọ eyín àtọwọ́dá mi náà kó tó ní ó ti tó. Ẹsẹ̀ kan ni mo kọ́kọ́ fi gùn ún, mo ní kó kọ tìyẹn sílẹ̀ ná. Ó ní ìwọ̀n kì í gba èèyàn díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kejì sí i, abẹ́rẹ́ ìwọ̀n náà sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ó ń ru. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kò sí àìsàn kankan ní orúnkún mi, ẹrù tí mo gbé lé e ló pọ̀ jù, bí mi ò bá sì tètè sọ díẹ̀ kalẹ̀ nínú ẹrù náà, ẹ̀jẹ̀ ríru yìí lè gbé mi ṣubú lójijì, mi ò sì ní lè wẹ ọmọ-ọmọ kankan, ì báà jẹ́ lókè, ì báà jẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mo ní kó sọ ohun tí màá ṣe.

Ó ní kí ìdajì àwo mi jẹ́ ẹ̀fọ́, kí n yẹra fún ṣúgà àti ẹlẹ́rìndòdò, kí n dín òróró kù, kí n máa rìn láràárọ̀, kí n sì ṣọ́ra fún kálórì nítorí ó pọ̀ nínú ohun tí mò ń jẹ. Mo dúpẹ́, mo lọ sílé, mo ṣe gbogbo rẹ̀. Kálórì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo da ìrẹsì sórí atẹ, mo wọ awò ojú mi, mo ṣà á láti ìkángun dé ìkángun. Òkúta díẹ̀ ni mo rí, àti kòkòrò kan, mo dà wọ́n nù, mo ní kálórì ti tán nínú ìyẹn. Mo gé búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́, mi ò rí ohunkóhun nínú rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán. Ní ti àwo, mo bu ẹ̀fọ́ sí ìdajì rẹ̀ bó ṣe wí. Kò sọ bí ìdajì kejì ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, nítorí náà ìrẹsì mi ga débi pé bàbá yín tó jókòó lódìkejì tábìlì ní àwọn ò rí ojú mi mọ́. Rírìn wá ńkọ́? Ó ti ní kí n máa rìn lọ síbi tí inú mi bá dùn sí kó má baà sú mi. Ilé oníbúrẹ́dì ni inú mi dùn sí. Òórùn rẹ̀ ló ń fà mí lọ láràárọ̀ tí mi ò fi mọ̀ pé ọ̀nà jìn, bí mo bá sì débẹ̀ èmi ni mò ń bá a tọ́ èyí tó gbóná wò.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń rẹ́rìn-ín, mò ń retí ìyìn. Ìwọ̀n ní mo ti sanra sí i. Mo ní bóyá ó ti gbó bíi téèpù mi. Ó ní kí n jókòó, kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é. Nígbà tí mo dé orí ṣíṣa kálórì, ó fi ìwé bojú. Nígbà tí mo dé orí oníbúrẹ́dì, ó dìde lọ sí yàrá kejì, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níbẹ̀, ẹlòmíì tún ń bá a rín in. Èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín tèmi, ara mi ń mì títí àga fi ń ké. Ó padà wá, ó nu ojú, ó jókòó tì mí, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé pé kálórì kì í ṣe ohun tí à ń fojú rí, pé agbára tí oúnjẹ ń fún ara ni, èyí tí ara kò bá sì lò ló ń tò pa mọ́ sí ikùn àti ìdí. Ó ní kí ìrẹsì mi má ju ìkúùkù mi lọ, kí ẹran má ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí n máa jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́, kí n sì dúró nígbà tí ebi bá tán, kì í ṣe ìgbà tí oúnjẹ bá tán. Ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí mi. Láyé mi, àwo ló máa ń sọ fún mi pé mo ti yó.

Obìnrin tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá, èyí tó o fi sínú fóònù fún mi, ọmọ dáadáa ni. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, mo gbálẹ̀ pálọ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo sì kí i kó tó kí mi. Aṣọ tirẹ̀ nìkan ni mi ò fẹ́ràn, ó fún un pinpin, bó bá sì lè jẹ́ kí n wọn òun, màá rán èyí tó gbà á dáadáa. Ó ní kí n gbé apá, mo gbé e. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé e, mo di máṣíìnì mú. Ó ń sọ pé mo káre, pé mò ń ṣe dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé mo ti dùbúlẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo bá mọ̀ pé ó láàánú. Ohun tó dùn mí ni ti ọjọ́ tí oníbàárà kan kanlẹ̀kùn. Mo tẹ ibi tó o ní kí n máa tẹ̀ bí mo bá fẹ́ kó dúró. Oníbàárà náà kò sì tètè lọ. Nígbà tí mo padà dé, ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ tẹ ibẹ̀ bí kò bá ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ṣì wà nílẹ̀. O mọ ilé ìwé alájà tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, òun nìkan ló ga nítòsí. Mo lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé kó jẹ́ kí n máa gun àtẹ̀gùn wọn lọ́sàn-án bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Ó rò pé mo fẹ́ fi orúkọ ara mi sílẹ̀ ni, ó ní kíláàsì àwọn àgbà kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Nígbà tó yé e, ó gbà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo gùn ún dé ìdajì, orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, mi ò lè lọ sókè, mi ò sì lè padà. Ìdí ni mo fi sọ̀ kalẹ̀, bí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Bí mo ṣe délé, mo jókòó ti ìkòkò ìrẹsì, mi ò wá àwo, ṣíbí tí a fi ń bù ú ni mo fi ń jẹ ẹ́. Mo sọ fún bàbá yín pé ó tán, kí ìyá ọkọ rẹ lọ wẹ ọmọ, òun tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì fi ìdérí bo ìkòkò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ti gbé rédíò sí abíyá. Bàbá yín, tí wọ́n tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ mi, tí ìrìn wọn kì í ju àga sí tábìlì lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rìn díẹ̀. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ rí ọmọ-ọmọ àwọn, àwọn ò sì fẹ́ dá lọ. Mo wọ bàtà mi. Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń rìn, ọ̀nà tí kò kọjá níwájú oníbúrẹ́dì ni wọ́n sì máa ń yà sí. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ máa ń rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á ní rédíò ló fẹ́ sinmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi, mo gun àtẹ̀gùn ilé ìwé yẹn dé òkè pátápátá. Mo dúró mí lójú ọ̀nà, mi ò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá yín wà lẹ́yìn mi, wọ́n ní bí mo bá ṣubú àwọn á gbé mi. Mo ní bí mo bá ṣubú lù wọ́n, ìwọ ni àwọn èèyàn ó wá bá kẹ́dùn. Nígbà tí mo dé òkè, mo rí òrùlé wa, mo rí aṣọ tí mo sá, mo rí àga bàbá yín tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà, ẹkún bá gbọ̀n mí. Wọ́n ní ṣé orúnkún ni. Mo ní rárá. Wọ́n bá yí rédíò sílẹ̀, a sì dúró síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń wálẹ̀, ìwọ̀n náà sì ti ń wálẹ̀. Má wá máa retí ọmọge o. Téèpù ti ń pàdé lára mi, àmọ́ ńṣe ni orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ kàn ń kí ara wọn, wọn ò tíì dì mọ́ra. Ṣùgbọ́n ikùn mi kò gún máṣíìnì mọ́ bí mo bá ń rán aṣọ.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa, èmi àti bàbá yín, kí o sì fi owó bàtà kún un, nítorí ilẹ̀ ti jẹ ìsàlẹ̀ tèmi tán. Má gba inú fóònù fi ránṣẹ́. Mi ò ní kí obìnrin yẹn máa jalè, ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ ló ń gbé, mi ò sì fẹ́ kí ohunkóhun da àárín wa rú. Fi fún awakọ̀ tó mọ ilé wa.

O sì kọ ọ́ pé wọ́n ti tún ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ṣe nínú ilé yín, pé àpótí ni, èèyàn á wọ inú rẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, á bá ara rẹ̀ lókè láìgbẹ́sẹ̀. Mo kà á, mo gbé lẹ́tà náà sílẹ̀, mo tún gbé e, mo tún un kà. Ó dára. Ẹ gbé ẹrù mi sínú rẹ̀. Ẹ gbé bàbá yín sínú rẹ̀ pẹ̀lú rédíò wọn. Èmi máa gba àtẹ̀gùn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ wá wò mí, kí ẹnikẹ́ni má gbé àga wá. Ẹ jókòó dè mí, bó ti wù kó pẹ́ tó, màá kanlẹ̀kùn fúnra mi.

Ọlọ́run á fún ọ lókun lọ́jọ́ náà. Ilé yín á kún, ọwọ́ yín kò ní ṣófo, ẹ ò ní sáré lọ sí ilé ìwòsàn lórí ohun tí kò dára. Kí ọmọ náà dé pẹ̀lú àlàáfíà, kó sì bá ìyá àgbà rẹ̀ lórí ìdúró.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń bọ̀ lókè.