Táyà Ẹ̀gbọ́n Níwájú, Ti Àbúrò Lẹ́yìn

Ilé Adéagbo,
Ọ̀nà Sábó,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ, 1996.

Ayọ̀ọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ. Ara wa le níhìn-ín, Alihamudulilahi, òjò nìkan ni kò jẹ́ kí a rímú mí. Mo gbàgbọ́ pé ara tiyín náà dá ṣáṣá ní Pọtakọ́tì.

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó kà á, nítorí mo mọ̀ ọ́, inú máa ń tètè bí ọ.

Ṣé o rántí pé ṣáájú Iléyá, bàbá yín ráhùn pé táyà méjì ti jẹ tán lára ọkọ̀ àwọn? Wọ́n sọ fún ọ, wọ́n sì sọ fún Fúnlọ́lá àbúrò rẹ náà. Ká ní ẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín sọ̀rọ̀ ni, ẹnì kan ì bá ra táyà, ẹnì kejì ì bá fowó tirẹ̀ ra àgbò. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti kọ̀ tí o kò wá síbi ìgbéyàwó rẹ̀, ẹ kò kí ara yín mọ́. Ìwọ gbé méjì wá láti Pọtakọ́tì, òun náà gbé méjì wá láti Ìbàdàn. Inú bàbá yín dùn débi pé wọ́n ní kí Ògúnwálé mẹkáníìkì yọ méjì tó ṣì dára, kí ó kó wọn sí iyàrá ẹrù, kí táyà tọ́mọ rà fún àwọn lè pé mẹ́rin. Wọ́n ní tìrẹ ni yóò wà níwájú torí pé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, kí ti Fúnlọ́lá wà lẹ́yìn. Èmi àti Àníkẹ́ orogún mi, ìyá Fúnlọ́lá, pàtẹ́wọ́. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́?

Tìrẹ fẹ̀, rímù rẹ̀ sì ń kọ mànà. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Ṣùgbọ́n ó kúrú. Ti Fúnlọ́lá ga jù ú lọ, nítorí òun béèrè nọ́ńbà ara táyà àtijọ́ kí ó tó lọ sọ́jà.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bí bàbá yín bá fẹ́ yà ní kọ́nà Ẹdúnàbọ̀n, yóò máa já gìdìgìdì. Bí wọ́n bá ti oko dé, òórùn epo jíà tó ń jóná á gba gbogbo àgbàlá. O mọ̀ pé ọkọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ẹsẹ̀ méjì ń fà. Ẹ́ńjìnnì ń yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe rà á, kí ó lè gun ẹrẹ̀ oko Ìpetumodù. Táyà tó kúrú ní láti yí ju èyí tó ga lọ kí wọ́n tó jọ dé ibì kan náà, jíà tó wà láàárín wọn ni ìyà ń jẹ. Bí jíà yẹn bá lọ, a ò lè rí irú rẹ̀ rà n'Ífẹ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀, orúnkún bàbá yín kò gba alùpùpù mọ́. Wọn ò ní í lè lọ sóko mọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ògúnwálé ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní! Mo ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Táyà ta ni kí n ní kí ẹ yọ?" Háà! Bàbá yín náà ní àwọn kò ní yọ ti ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má baà ní àwọn ń ṣojúsàájú. Wọ́n sì ń wa ọkọ̀ tó ń jóná lọ sóko.

Àníkẹ́ ló wá kúnlẹ̀ tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ti Fúnlọ́lá, kí ilé lè tòrò." Ọmọ mi, inú mi kọ́kọ́ dùn. Tìrẹ yóò dúró níwájú, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí mi bú. Ṣùgbọ́n tìrẹ kúrú fún ọ̀nà oko, abẹ́ ọkọ̀ á máa ha ilẹ̀. Ti Fúnlọ́lá ló bá méjì tó wà ní iyàrá ẹrù dọ́gba.

Mo ránṣẹ́ pe Ògúnwálé, mo ní kí ó yọ tìrẹ, kí ó fi méjì iyàrá ẹrù rọ́pò. Bàbá yín béèrè ẹni tó pàṣẹ, mo ní èmi ni, èmi tí mo bí ọmọ tó rà á. Àníkẹ́ bú sẹ́kún. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò rùn mọ́.

Táyà rẹ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àníkẹ́ ti fi tapólì bò ó. Bí o bá ṣì fẹ́ kí tìrẹ wà níwájú, èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n o ní láti ra òmíràn. Ògúnwálé ní ó lè fẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, kò burú, bí gíga wọn bá ṣáà ti dọ́gba. Nọ́ńbà táyà tí o máa rà, Fúnlọ́lá mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síbí. Lọ bi àbúrò rẹ.

Kí Ọlọ́run Ọba máa ṣọ́ ọ lálọ lábọ̀. Kí ó má jẹ́ kí o di àjèjì sí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Fàòsíyà Adéagbo.

Àfikún: Nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì Fúnlọ́lá wà lẹ́yìn àpòòwé yìí. Mo ti sọ fún un pé o máa pè. Ó ní o kò lè pe òun láé. Nígbà tó ṣe, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ọjọ́ wo lo máa pè.