Wọ́n Ní Háípò Mi Ló Pa Àwòrán Táyé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, kí n tó ro ẹjọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí n kò rántí. N kò rántí bóyá mo rọ omi háípò náà kún ìgò dé ọrùn. N kò rántí bóyá mo dé e pinpin, bóyá abẹ́ tábìlì tó tutù ni mo gbé e sí, àbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kọ nǹkan kan ní ọjọ́ yẹn, torí ẹkún ọmọ méjì wà létí mi. Tí mo bá dijú, mo máa ń rí ọwọ́ mi lórí ìdérí ìgò náà... àmọ́ ṣé ìrántí ni, àbí ohun tí mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́? N kò mọ̀. Àìmọ̀ yìí ni ìdílé ọkọ mi fi ń lù mí láti ìgbà náà títí di òní.

Ọkọ mi ló ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan ní àdúgbò Soje ní Minna, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìlú náà di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà! Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ya wọ̀lú láti ibi gbogbo, gbogbo wọn ló sì nílò pásípọ́ọ̀tù fún fáìlì. Kẹ́mísìrì ni mo ń kà ní yunifásítì kí oyún ìbejì tó dá mi dúró, nítorí náà èmi ni mo máa ń po háípò nínú yàrá òkùnkùn. Ẹ̀yin tí fóònù ń ya fọ́tò fún lè má mọ̀ ọ́n: háípò ni omi tí a ń rẹ àwòrán sí kẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ má baà pa á rẹ́. Kí a tó pò ó, ó rí wóró-wóró bí iyọ̀, tí ẹ bá sì dà á sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, omi náà á tutù nini lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá rọ ọ́ kún ìgò tó pọ́n rúsúrúsú, tí atẹ́gùn kò ráyè, tí ibi tó wà sì tutù, á lo oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn bá wọ̀ ọ́, tí ooru Minna bá sè é lábẹ́ páànù, tàbí tí ẹnìkan bá da èyí tí a ti lò padà sínú tuntun, á máa sọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, àwòrán tí a bá sì rẹ sínú rẹ̀ á pọ́n bíi tíì kó tó pẹ́. Mo mọ gbogbo èyí. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn... mo mọ̀ ọ́n!

Nígbà tí àwọn ìbejì mi, Táyé àti Kẹ́hìndé, pé ọmọ ọdún méjì, mo padà sí Zaria láti lọ parí ẹ̀kọ́ mi. Mo po háípò sílẹ̀ fún ọkọ mi, mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kí n tó dé fún ìsinmi, ibà ti gbé Táyé... a kì í sọ pé ìbejì kú, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ó rìnrìn àjò. Wọ́n ti sin ín kí iṣẹ́ tí wọ́n rán tó bá mi. Ọkọ mi fi àwòrán kan lé mi lọ́wọ́: ọmọ méjì lórí àga gígùn, aṣọ kan náà, ojú kan náà. Ó ní òun yà wọ́n kí àìsàn tó dé, pé ti apá òsì ni Táyé. Mo wò ó, mo tún un wò. Nǹkan kan ń sọ nínú mi pé Táyé kì í káwọ́ lé itan báyìí, pé Kẹ́hìndé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ló ń sọ̀rọ̀. Èmi tí n kò sí nílé, kí ni mo fẹ́ fi jiyàn? Mo ní ìrántí mi ló ń tàn mí jẹ. Mo gbà.

Kò pẹ́ tí àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ní kó tẹ òmíràn. Ó ní fíìmù náà ti bàjẹ́, òun ti jù ú nù. Pé háípò tí mo fi sílẹ̀ ni òun lò, ó sì ti kú kí òun tó ṣí i. Ojú ìyá rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Kai! Láti ọjọ́ náà ni màmá ti rí orin kọ. “Ìyàwó oníwèé, o ka omi òyìnbó títí dé Zaria, o ò lè fi ìdérí dé ìgò!” Tí àlejò bá wọlé, á nawọ́ sí ògiri: “Ẹ wò ó, ó fi ọmọ sílẹ̀, ọmọ lọ, ó fi háípò sílẹ̀, àwòrán ọmọ náà tún ń lọ.” Ọkọ mi á máa jẹ tùwó rẹ̀, kò ní gbójú sókè. Màmá ti sinmi báyìí, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ti jogún orin náà. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ, síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀ á fẹnu ko ọmọ apá òsì inú àwòrán náà lẹ́nu, á wá fẹ̀rín sọ ọ́ fún mi pé, “Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ pa á lẹ́ẹ̀kejì o.” Ẹ̀rín ni... ṣé ẹ̀rín ni?

Láìpẹ́ yìí, níbi ìkómọjáde kan ní Maikunkele, mo bá Ìyá Ráfíù pàdé, ìyá ará Ìlọrin tó jẹ́ aládùúgbò wa ní Soje. Ó béèrè Kẹ́hìndé, ó ní òun kò lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n yà á ní fọ́tò. “Haba, Ìyá Ìbejì, ọmọ yẹn kàn ń wo ẹ̀gbẹ́ àga tó ṣófo ṣáá. Èmi ni mo gbé e jókòó, wallahi.” Mo ní, ẹ̀gbẹ́ wo ló ṣófo? Ojú rẹ̀ yí padà. “Ẹ ò mọ̀ ni? Wọ́n ti sin Táyé nígbà yẹn.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú Yorùbá. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ láì ya fọ́tò, oníṣẹ́ fọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí wọ́n lè jókòó pọ̀. Ká ní ó sọ fún mi ni, ǹ bá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn méjèèjì ni, nígbà tí mo sì béèrè fíìmù tí ì bá tú àṣírí rẹ̀, ó gbé e lé háípò mi lórí. Ó jẹ́ kí n máa tọrọ àforíjì láti ìgbà èwe mi títí di ìgbà ewú, nítorí àwòrán ọmọ tí kò sí nínú àwòrán! Mo bi í léèrè. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ àná lo tún ń hú,” ó yí rédíò sókè.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, Kẹ́hìndé ń bọ̀ wá gbé àwòrán náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Fadikpe. Ó fẹ́ kí wọ́n yọ ojú Táyé nìkan, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, kí òun gbé e kọ́ sí pálọ̀, kí ọmọ òun lè mọ àbúrò ìyá rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n máa wo ọmọ mi kó gbé ojú ara rẹ̀ kọ́ ògiri, kó máa pè é ní Táyé? Tí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni mo gba ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, èmi ni mo pa á, títí n ó fi kú. Ṣé kí n fi bàbá wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ orí yìí? Ṣé ọmọ ni kí n dáàbò bò, àbí ara mi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìbejì pàápàá, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Kẹ́hìndé, ṣé ẹ ó fẹ́ mọ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì kọ sí abẹ́ ibí pé Ìyá Ráfíù ti darúgbó, pé ìrántí rẹ̀ ló ń tàn án jẹ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo wá Bọ̀dá Múfú kàn ní Ìlọrin, ẹni tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn nígbà náà. Ó ní òun gan-an lòun mú páálí bo ìdajì ìwé nígbà tí ọkọ mi ń tẹ ìdajì kejì, àti pé ọmọ kan ṣoṣo, Kẹ́hìndé, ló wà lórí fíìmù náà.